Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Ka Ìwé Ìtàn Náà Tán

Ẹ̀yin olùkọ́ lẹ́sìnnì tí ẹ ń múra àwọn ọmọ wa sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń sanwó fún wọn, ẹ má tíì lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí lórí fóònù, tiyín ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ò gùn: ẹ yéé fi sọ́márì rọ́pò ìwé ìtàn. Ìwé tí wọ́n ní kí ọmọ kà, ẹ jẹ́ kó kà á láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé èyí tó gbẹ̀yìn.

A kúkú mọ bó ṣe ń lọ. Ìbáà jẹ́ Ìsúndúnrìn lo wà, ìbáà jẹ́ Èjìgbò tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, bákan náà ni. JAMB á mú ìwé ìtàn àròsọ kan kalẹ̀ fún gbogbo ẹni tó fẹ́ wọ yunifásítì. Láti 2021 títí dé 2024, The Life Changer tí Khadija Abubakar Jalli kọ ni. Nígbà tó di 2025, wọ́n mú The Lekki Headmaster tí Kabir Alabi Garba kọ. Owó ìwé yìí máa ń wà lára owó tí wọ́n ń gbà fún ìforúkọsílẹ̀, ìyẹn ni pé òbí ti sanwó ẹ̀. Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ sí ìwé náà? Ọmọ á jù ú sí ìsàlẹ̀ báàgì. Tíṣà á tẹ bébà méjì mẹ́ta jáde: orúkọ àwọn tó wà nínú ìtàn, ẹni tó fẹ́ ta, ẹni tó kú, ìlú tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, ìbéèrè ogójì pẹ̀lú ìdáhùn wọn. Ọmọ á há gbogbo ẹ̀ sórí bí ayékòótọ́. Bébà kejì tún wà, èyí tí wọ́n ń pè ní vocabulary: ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lápá òsì, ìtumọ̀ wọn lápá ọ̀tún. Ó parí. Wọ́n ní ọmọ ti kàwé.

Ẹ gbọ́, ọmọ yẹn ò ka nǹkan kan.

Mo mọ àwáwí tí àwọn tíṣà máa ń wí. Wọ́n ní ìbéèrè 60 ló wà nínú Use of English, 10 péré ló sì ń jáde látinú ìwé ìtàn. Wọ́n ní ta ló máa torí ìbéèrè 10 ka odidi ìwé, nígbà tí Bàọ́lọ́jì ń dúró, tí Kẹ́mísírì ń dúró? Ìṣirò yẹn dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Kí ni ìbéèrè 50 tó kù ń béèrè? Àyọkà wà níbẹ̀ tí wọ́n á ní kó o kà kó o sì dáhùn. Òmíràn wà tí wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú ẹ̀, tí wọ́n á ní kó o mú èyí tó yẹ kó o fi dí àlàfo. Wọ́n á bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ tèyí, àti ọ̀rọ̀ tó ta ko tọ̀hún. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tó jẹ mọ́ bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ lẹ́nu, gbogbo ẹ̀, ìwé kíkà ló ń kọ́ni. Ẹni tó ka ìwé náà tán kò ṣiṣẹ́ fún ìbéèrè 10, èyí tó pọ̀ jù nínú 60 ló ṣiṣẹ́ fún. Ẹni tó fi sọ́márì wá 10, oko ló tà nítorí iṣu alẹ́ kan.

Ẹ jẹ́ ká fi èdè tiwa yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ká ní òyìnbó kan fẹ́ kọ́ Yorùbá, ẹ wá kọ ọ́ sí bébà fún un pé "pa" ni kill. Ó dáa. Lọ́jọ́ kejì, ó gbọ́ pé ẹnì kan pa irọ́. Ó gbọ́ pé ìyá àgbà ń pa àlọ́. Wọ́n ní kí ọmọdé lọ pa iná. Wọ́n ní oníṣòwò kan pa owó rẹpẹtẹ lọ́jà. Ṣé ìpànìyàn ni gbogbo ìyẹn? Ẹni tó ń gbé láàárín wa ò ní yọ ara ẹ̀ lẹ́nu, torí ó ti gbọ́ "pa" nídìí iná, ó ti gbọ́ ọ níbi àlọ́, ó ti gbọ́ ọ lọ́jà. Ó ti mọ àwọn ọ̀rẹ́ tí "pa" ń bá rìn, ó sì mọ bó ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bébà onílà méjì wo ló máa kọ́ èèyàn níyẹn?

Bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì rí. Bébà vocabulary sọ fún ọmọ pé reluctant ni "ẹni tí kò fẹ́." Ọmọ mú un lọ sínú àròkọ, ó kọ ọ́ pé "I am reluctant beans." Gbagáùn! Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ta ló jẹ̀bi? Bébà ló jẹ̀bi, torí kò sọ irú ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa ń jókòó sí fún un. Ká ní inú ìtàn ló ti pàdé ẹ̀ ni, níbi tí ọmọbìnrin kan ti ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ lọ bá bàbá ẹ̀ nítorí ó mọ̀ pé èsì ìdánwò òun ò dáa, kò ní gbàgbé ẹ̀ mọ́. Á mọ̀ pé ẹni tó jẹ́ reluctant lè ṣe nǹkan náà o, ọkàn ẹ̀ ni ò sí níbẹ̀. "Tí kò fẹ́" ò sọ ìdajì ìyẹn.

Ẹ tún wo òjò. Àwa ń sọ pé òjò ńlá rọ̀. Ọmọ tó ń túmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan á kọ big rain, bẹ́ẹ̀ heavy rain ni àwọn tó ni èdè ń sọ. Àwa ń ṣe àṣìṣe, a ń ṣe iṣẹ́, a ń ṣe ìwà ọ̀daràn, "ṣe" kan náà ló gbé gbogbo ẹ̀. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á make a mistake, wọ́n á do a job, wọ́n á commit a crime. Ẹ má bi mí pé kí ló fà á. Kò sí òfin kan tí tíṣà lè kọ sára bọ́ọ̀dù tó máa kó gbogbo ẹ̀ tán. Èèyàn á rí i nínú ìwé lónìí, á tún rí i lọ́la, títí tí èyí tí kò tọ́ á fi máa dún létí ẹ̀ bí agogo tó ti là.

Díkíṣọ́nárì tí ẹ sì ń fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀ yẹn, ìwé ló kà kó tó mọ ohun tó mọ̀. Ní oṣù kìíní 2020, Oxford English Dictionary gba ọ̀rọ̀ bíi danfo, okada, buka àti tokunbo wọlé. Ní 2025, wọ́n gba japa. Ibo ni wọ́n ti rí wọn? Nínú ohun tí àwọn èèyàn kọ ni: ìwé, ìwé ìròyìn, orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń ṣe díkíṣọ́nárì máa ń ka gbólóhùn lóríṣiríṣi kí wọ́n tó kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Àwa wá fẹ́ gba ìtumọ̀ láì rí gbólóhùn kankan.

Bí ẹ bá rò pé ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Ní 1962, òǹkọ̀wé ará Ìlú Ọba kan, Anthony Burgess, tẹ ìtàn àròsọ kan jáde tó pè ní A Clockwork Orange. Ó kó ọ̀rọ̀ tó wá látinú èdè Rọ́ṣíà sẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ inú ìtàn náà, kò sì túmọ̀ wọn sẹ́yìn ìwé. Nígbà tó di 1978, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Saragi, Nation àti Meister, gbé ìwé yìí fún àwọn àgbàlagbà tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè wọn. Wọ́n ní kí wọ́n kà á kí ìtàn náà lè yé wọn, wọn ò sọ fún wọn pé ìdánwò lórí ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n bi wọ́n ní ìtumọ̀ 90 nínú àwọn ọ̀rọ̀ àjèjì náà, irú ìbéèrè tí wọ́n ń to ìdáhùn sílẹ̀ kí èèyàn mú ọ̀kan, bíi ti JAMB gan-an. Tí a bá pín in dọ́gba, wọ́n gba 76 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sẹ́ni tó há nǹkan kan sórí. Ìtàn ló kọ́ wọn.

Ẹ lè sọ pé ẹni tó ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì látilé nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dé Fiji, láàárín òkun Pàsífíìkì. Níbẹ̀, Warwick Elley àti Francis Mangubhai kó ìwé ìtàn 250 lọ sí kíláàsì àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá ni wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ilé wọn. Àwọn kan ń fúnra wọn ka ìwé náà jẹ́ẹ́jẹ́, tíṣà àwọn kan ń kà á sí wọn létí, ojoojúmọ́ sì ni. Nígbà tó fi tó oṣù mẹ́jọ, ìtẹ̀síwájú wọn nínú kíka Gẹ̀ẹ́sì àti gbígbọ́ ọ ti di ìlọ́po méjì ti àwọn tí wọ́n ń kọ́ lọ́nà àtijọ́. 1983 ni wọ́n tẹ àbọ̀ ìwádìí yìí jáde. Ọmọ abúlé ni wọ́n o. Kò sí ọmọ olówó kankan níbẹ̀.

Ẹ̀rí tó sì ju gbogbo ẹ̀ lọ wà nílé wa. Ta ni ò mọ̀ pé àwọn ará Èjìgbò àti ìlú tó yí i ká ti ń lọ sí Côte d'Ivoire láti ayé àwọn baba ńlá wa? Ẹ dé Èjìgbò nígbà ọdún, ẹ máa gbọ́ Faransé lójú títì bí ẹni pé Abidjan lẹ wà. Ìyá tí kò jókòó ní kíláàsì Faransé rí ń ná ọjà lédè Faransé, ó ń bá oníbàárà ṣẹ̀fẹ̀, tí ọlọ́pàá bá ní òun fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ, á fi Faransé kan náà gba ara ẹ̀ sílẹ̀. Ta ló fún un ní bébà ọlọ́rọ̀ ọgọ́rùn-ún? Ọjà ló kọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò yé e. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ó rí ohun tí oníbàárà ń nàka sí. Nígbà tó fi máa gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹwàá, ọ̀rọ̀ ti di tiẹ̀. Ìyá tó bá kọ́ Faransé báyìí kò yẹ kó gbà fún tíṣà kankan pé àkọ́sórí ni ọmọ òun máa fi mọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ wá wò ó, ọmọ tó ń dàgbà ní Ìsúndúnrìn ò ní ọjà Gẹ̀ẹ́sì tó lè lọ. Yorùbá ló ń sọ nílé, Yorùbá ló ń sọ lóko, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, Yorùbá ni. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, kò sí àbùkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo ló ti máa bá Gẹ̀ẹ́sì nílé ara ẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi í jà, tí wọ́n ń fi í tọrọ àforíjì, tí wọ́n ń fi í purọ́, tí wọ́n ń fi í fẹ́ ara wọn? Inú ìwé ìtàn ni. Ìwé ìtàn ni Abidjan tiẹ̀. Tíṣà tó gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀, tó fún un ní bébà mẹ́ta, ṣe ló dà bí ẹni tó dá èèyàn padà ní ẹnubodè.

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí. Ọmọ tó wà nílé-ìwé olówó gọbọi l'Ékòó ní láíbìrì, ó ní òbí tó ń bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tẹlifíṣàn ilé wọn ò sọ nǹkan mìíràn. Ọmọ tiwa ò ní ìkankan níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó dọ́gba láàárín àwọn méjèèjì ni ìwé ìtàn tí JAMB ní kí gbogbo wọn kà. Ọ̀rọ̀ kan náà, ojú ewé kan náà. Ẹni tó bá ní kí ọmọ tálákà fo ìwé yẹn, ohun kan ṣoṣo tó bá a dọ́gba ló gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ó tún gbowó lẹ́sìnnì lé e.

Kò sì parí sí JAMB. Ká ní ó wọlé. Lọ́sẹ̀ kejì tó dé yunifásítì, wọ́n á ní kó lọ ka orí ìwé kan tó jẹ́ ogójì ojú ewé. Ta ló máa bá a ṣe sọ́márì ẹ̀? Lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á gbé ìwé àdéhùn iṣẹ́ síwájú ẹ̀, tàbí ti ilẹ̀, tàbí ti owó tó fẹ́ yá, ojú ewé mẹ́wàá lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé ìwé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kà tán, ẹlòmíràn ni yóò máa bá a kà á. Ẹni tó sì ń bá ọ kàwé lè fo ibi tó bá wù ú.

Àwọn kan á ní ìwé náà le, pé ọ̀rọ̀ tí ọmọ ò mọ̀ ti pọ̀ jù. Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò ní jiyàn. Àwọn tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí sọ pé kí èèyàn tó lè dá ka ìwé kó yé e dáadáa, ó yẹ kó mọ bíi 98 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Ojú ewé kan sábà máa ń ní ọ̀rọ̀ bíi 250 sí 300. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ márùn-ún tí o ò mọ̀ lójú ewé kan ti tó ẹrù. Nítorí náà, fi ìka ọwọ́ kan ṣe ìwọ̀n: ṣí ìwé, máa kà á, tí o bá bá ọ̀rọ̀ tí o ò mọ̀, ká ìka kan kò. Tí ìka márààrún bá ti ká tán kó o tó dé ìsàlẹ̀, gbé ìwé yẹn sílẹ̀ ná, wá èyí tó rọrùn. Kì í ṣe pé kó o sá lọ sídìí sọ́márì o! The Drummer Boy àti The Passport of Mallam Ilia tí Cyprian Ekwensi kọ ní 1960 ò le. Àwọn Pacesetters tí Macmillan bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ní 1977 ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ẹ̀gbọ́n yín tàbí ti àwọn òbí yín. Ka mẹ́ta nínú wọn, kó o wá padà sí ti JAMB. Wàá rí i pé ìwé náà ti rọ̀.

Má sì ṣí díkíṣọ́nárì fún gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń dúró bi gbogbo òkúta ojú ọ̀nà ní orúkọ wọn, ilẹ̀ á ṣú u kó tó dé oko. Tí ọ̀rọ̀ bá dà ọ́ láàmú, kọjá. Tó bá tún yọjú, wo àwọn tó jókòó tì í, kó o méfò. Tó bá yọjú lẹ́ẹ̀kẹta tí kò tíì yé ọ, wá ìtumọ̀ ẹ̀ wò lórí fóònù ẹ. Tó o bá wá fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé, gbólóhùn tó wà nínú ẹ̀ ni kó o kọ, lódindi. Ọ̀rọ̀ láìsí gbólóhùn, ẹja tí wọ́n fà yọ nínú omi ni.

Mo tún ń gbọ́ ohùn kan láàárín ẹ̀yin òǹkàwé Yorùbá: ṣé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì yìí náà ló ń pa èdè wa? Rárá o. Àìkàwé ló ń pa méjèèjì. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọ̀dákẹ́kẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ náà ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2025: ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní èdè abínibí ló ń mú kí ọmọ fìdí rẹmi nínú WAEC àti JAMB. Irọ́ ni! Yorùbá ò ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Ọmọ tí wọn ò fún ní ìwé kà ni wọ́n ń bi ní ohun tó wà nínú ìwé.

Àmọ́ Tútùọlá ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta, ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kà, iṣẹ́ ìránṣẹ́ ló ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó. Ó fi ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tó ní sọ ìtàn Yorùbá, ilé-iṣẹ́ Faber ní London sì tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde ní 1952, gbogbo ayé kà á. Àwọn alákọ̀wé kan nílé bú u pé Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ò gún. Ìwé ẹ̀ ṣì ń tà. Ohun tí ọ̀rọ̀ wà fún nìyẹn, kí èèyàn rí nǹkan fi sọ. Ẹni tó ń kó gírámà jọ kó lè fi dẹ́rù ba ará ilé ẹ̀, ìyẹn ń ra aṣọ àgbàdá fún igi ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tíṣà, ẹ fi ìṣẹ́jú 15 ka ìwé náà sókè fún kíláàsì lójoojúmọ́. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ti tó. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó bi ọmọ pé mélòó ló gbà, ẹ bi í pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀ ní orí kẹta?" Tí kò bá rí nǹkan sọ, ẹ béèrè owó lẹ́sìnnì yín padà. Ìwọ ọ̀dọ́, ojú ewé mẹ́wàá lóòjọ́ ni mo ní kó o kà. Ìwé tó bá jẹ́ 150 ojú ewé, ọjọ́ 15 péré nìyẹn, wàá sì ṣì ráyè fún WhatsApp. Ìwé náà wà ní ìsàlẹ̀ báàgì ẹ, owó ẹ̀ sì ti san. Yọ ọ́ jáde, jàre.